Hóró Oògùn Tí A Kì Í Gún: Bí Oògùn Inú Lílọ́ Ṣe Ń Jáde Díẹ̀díẹ̀ Nínú Ara

(Ọ̀rọ̀ ìlera tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ apòògùn òyìnbó, bá wa sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́)

   

Nígbà tí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ létí wa, kí wọ́n jẹ́ kí n mú nǹkan kékeré kan tí mò ń rí ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ níta. Ọ̀rọ̀ hóró oògùn kan ni. Wọ́n fi ń tu inú tó ń lọ́ni lára, wọ́n sì tún fi ń tu àpò ìtọ̀ tó ń fún pọ̀ láìròtẹ́lẹ̀ lára. Oríṣi tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde nínú ara. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Amẹ́ríkà máa ń fi í ránṣẹ́ sí ìyá wọn. Àwa tí a gbà á nílé, a máa ń ṣe é bí a ṣe ń ṣe Panadol: a gé e sí méjì, a gún un, a pò ó mọ́ ẹ̀kọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, òun ló sì gbé mi dìde lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú. Ìfun wa kì í ṣe rọ́bà lásán tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Ó ní iṣan lára. Iṣan yìí ń fún, ó ń tú, ó ń fún, ó ń tú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti oúnjẹ síwájú. Àwa kọ́ là ń pàṣẹ fún un. Èèyàn lè ní kí ọwọ́ òun gbéra, kò lè ní kí ìfun òun dúró. Irú iṣan yìí kan náà wà lára àpò ìtọ̀. Nígbà tó bá wá ń fún ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí ní àsìkò tí kò yẹ, òun ni ẹ máa ń pè ní inú ń lọ́ mi. Tó bá jẹ́ ti àpò ìtọ̀ ni, ìtọ̀ á kàn ṣàdédé gbọ̀n èèyàn, kó tó dé ilé ìtọ̀, ó ti dà sára. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń jìyà èyí, ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ.

Ohun tó ń sọ fún iṣan pé kó fún ni ìránṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní acetylcholine. Ó máa ń jáde láti ẹnu àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ ká inú ara, á wá jókòó sí àyè kan lára iṣan. Tó bá ti jókòó, iṣan á fún. Gbogbo iṣẹ́ oògùn yìí ni pé ó máa ń ṣáájú ìránṣẹ́ náà jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: tí ẹnì kan bá ti tẹ́ ọjà rẹ̀ sí ojú ìsọ̀ yín kí ẹ tó dé láàárọ̀, ẹ ó kàn gbé igbá dúró ni, ẹ ò lè tajà. (Ìjà tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò kan oògùn.)

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ìfun nìkan ni irú ìsọ̀ yìí wà. Ó wà níbi tí itọ́ ti ń sun lẹ́nu, ó wà lójú, ó wà níbi tí òógùn ti ń jáde lára, ó wà nínú ọpọlọ. Oògùn ò sì mọ èyí tí a rán an sí. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹni tó ń lò ó fi máa ń gbẹ, tí ojú rẹ̀ lè máa ṣú, tí ìgbẹ́ kì í tètè yà, tí kì í sì í làágùn bó ṣe yẹ.

Ẹ ti gbọ́ nípa gegemu rí, àbí? Ewé tí àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án mu, orí rẹ̀ á dà rú. Ọ̀kan nínú ohun tó ń ṣiṣẹ́ yẹn nínú gegemu ni wọ́n ń pè ní hyoscyamine. Hyoscyamine yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn oògùn inú lílọ́ tí mò ń sọ. Bó bá kéré, ó ń tu iṣan lára. Bó bá pọ̀, ẹnu á gbẹ kanrin, àyà á máa lù kì-kì-kì, èèyàn á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n ló ya oògùn sọ́tọ̀ sí májèlé, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó yá, ẹ bá mi ṣírò, ẹ̀yin onísirò owó. Hóró hyoscyamine lásán jẹ́ 0.125 mg. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ tán, ó lè jẹ́ wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọn á máa lò ó. Èyí tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ jẹ́ 0.375 mg, wákàtí méjìlá-méjìlá ni wọ́n ń lò ó. Èèló nínú èèló? Mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ ló wà nínú ẹyọ kan. Oògùn tó gbajúmọ̀ fún àpò ìtọ̀ ni oxybutynin. Hóró rẹ̀ lásán jẹ́ 5 mg, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Èyí tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ wà ní 5, 10 àti 15 mg, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni lójúmọ́. Oúnjẹ ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n dì sínú ẹyọ kan.

Kí ló dé tí wọ́n ṣe wàhálà yẹn? Torí pé oxybutynin lásán, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ó ti dé góńgó nínú ẹ̀jẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́ta sí i, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti lọ. Nígbà tó wà ní góńgó, ẹnu gbẹ, orí fẹ́lẹ́. Nígbà tó wálẹ̀, ìtọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dà bí ẹni tó gba ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, tó ná gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó, tó wá ń mu gààrí láti ọjọ́ kejì. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí oògùn wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó má pọ̀ jù, kó má tán.

Ọ̀nà méjì ni n ó sọ nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Èyí àkọ́kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ro àmàlà ti mọ̀ ọ́n kí n tó yanu. Ẹ da èlùbọ́ sínú omi gbígbóná, ẹ ò tètè rò ó, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Kókó á so. Tí ẹ bá la kókó yẹn sí méjì, ìta rẹ̀ ti jinná, ó ń fà, inú rẹ̀ ṣì jẹ́ èlùbọ́ gbígbẹ. Ìta tó ti yọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí omi ráàyè dé inú. Ohun tí ìyàwó tuntun ń sá fún níwájú ìyá ọkọ, òun gan-an ni àwọn tó ń ṣe oògùn yìí ń wá.

Ìyẹ̀fun kan wà tó ń jẹ́ hypromellose. Láti ara igi àti òwú ni wọ́n ti ń mú un wá, wọ́n á fi kẹ́míkà tún un ṣe. Tó bá kan omi, ó máa ń yọ̀ bí ilá. Wọ́n á wọn oògùn, wọ́n á pò ó mọ́ ìyẹ̀fun yìí. Ẹ má fojú kékeré wo pípò yẹn. Ẹgbẹ̀rún mílígíráàmù ló wà nínú gíráàmù kan, ohun tí à ń sọ níbí kò sì tó ìdajì mílígíráàmù kan. Ẹ rò ó wò bí ẹni tó fẹ́ po ṣíbí ata gígún kan mọ́ odindi àpò gààrí kan, kó sì jẹ́ pé gbogbo ife tí a bá bù níbẹ̀ ló máa ta bákan náà. Wọn kì í dà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìyẹ̀fun tó ṣe déédéé oògùn pò ó, wọ́n á tún fi ìlọ́po méjì kún un, wọ́n á tún fi kún un, títí á fi kárí. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi omi rin ín kó di wóró-wóró, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, kí wọ́n jọ̀ ọ́ bí a ṣe ń jọ gààrí kí a tó yan án. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun mìíràn tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ sí i díẹ̀, kó má bàa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á wá tẹ̀ ẹ́ di hóró.

Nígbà tí ẹ bá gbé irú hóró yìí mì, omi inú ikùn á kan ìta rẹ̀, ìta á yọ̀, inú á ṣì gbẹ. Oògùn á máa gba àárín yíyọ̀ náà jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èyí tó wà níta pátápátá á máa ṣí kúrò, abẹ́ rẹ̀ á tún yọ̀, bẹ́ẹ̀ títí hóró á fi tán.

Ọ̀nà kejì ni èmi fẹ́ràn jù, ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀. Ní 1968, ọkùnrin ọmọ Uruguay kan tó ń jẹ́ Alejandro Zaffaroni dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní California. Ó fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì sọ ọ́ ní ALZA. Ilé iṣẹ́ yìí ló ṣe hóró tó jẹ́ pé omi ló ń ti oògùn jáde nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oxybutynin tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí ṣe. Ditropan XL lorúkọ tí wọ́n fi tà á, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti ń ṣe tiwọn lẹ́yìn náà.

Ẹ wo inú rẹ̀. Ìpele méjì ni wọ́n tẹ̀ pọ̀. Oògùn wà ní ìpele òkè. Ìpele ìsàlẹ̀ kò ní oògùn rárá, ìyẹ̀fun kan ni tó jẹ́ pé tó bá ti mumi, á wú bíi gààrí tí a rẹ sínú ife tí a gbàgbé síbẹ̀. Wọ́n á wá fi awọ kan bo méjèèjì yíká. Omi lè gba ara awọ yìí wọlé, oògùn ò lè gba ara rẹ̀ jáde. Wọ́n á fi iná lésà lu ihò tíntín kan sí awọ náà, ní apá ibi tí oògùn wà. Ó tán. Tó bá dé inú, omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ìsàlẹ̀ á máa wú, á máa ti oògùn gba ojú ihò yẹn jáde, bí a ṣe ń tẹ ọṣẹ ìfọyín. Oògùn á máa gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, á wá dúró síbẹ̀ títí di nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Awọ yẹn kì í yọ́ o. Bó ṣe wọlé ló ṣe máa bá ìgbẹ́ jáde. Ìyá kan rí i nínú póò, ó ní oògùn òyìnbó náà ò tiẹ̀ dà nínú òun, ó bá tún lo òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkarahun ìgbín lẹ rí, ẹran ti jáde.

Kí wọ́n tó kó oògùn yìí kúrò nílé iṣẹ́, wọ́n á mú hóró mẹ́fà, wọ́n á sọ ọ́ sínú ìkòkò gíláàsì mẹ́fà tó ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, 37°C, ẹ̀rọ á máa rò ó. Wọ́n á máa bù lára omi náà ní wákàtí tí wọ́n ti yàn, wọ́n á wo iye tó ti jáde. Tó bá yá jù, kò yege. Tó bá pẹ́ jù, kò yege. Ẹ wá rí i pé ayédèrú oògùn lè ní oògùn tó pé nínú, kó má sì ní ilé tó yẹ kí oògùn náà gbé. Èyí tí wọ́n ń kiri nínú ọkọ̀, tí wọ́n gé ní ẹyọ-ẹyọ láìsí páálí, tí a ò rí nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ta ló máa sọ fún wa bó ṣe ń jáde?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀kọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ìtọ̀ kì í dúró lára màmá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun wá fi oxybutynin 10 mg ránṣẹ́, èyí tó ń jáde díẹ̀díẹ̀. Màmá ò lè gbé hóró mì. Ọmọ bá gún un, ó pò ó mọ́ ẹ̀kọ, ó fún un mu. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ó sì ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnu màmá gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìtọ̀ tó ń dà tẹ́lẹ̀, kò jáde mọ́ rárá, ikùn wú. Ó ń pe àwọn tó ti kú lórúkọ, ó ń bá wọn nájà. Àwọn ará ilé ti ń sọ ọ̀rọ̀ ayé, wọ́n ní àwọn ará ọ̀run ló ń pè é. Mo ní kí ọmọ náà sáré lọ mú páálí oògùn wá. Bí mo ṣe rí ohun tí wọ́n kọ sí i, mo ní kí wọ́n gbé màmá lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì mú páálí yẹn dání. Wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ fún un, wọ́n dá oògùn dúró. Ọjọ́ mélòó kan ni kó tó mọ ọmọ rẹ̀ padà.

Ẹ rí i, kókó àmàlà tí wọ́n ti gún, kò sí kókó mọ́. Awọ tí wọ́n ti fọ́, ihò kékeré rẹ̀ kò wúlò mọ́. Oúnjẹ ọjọ́ kan ló dà sínú màmá lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà ni oògùn yìí máa ń tètè da orí wọn rú jù.

Ẹni tí kò bá lè gbé hóró mì, ọ̀nà wà. Oxybutynin olómi wà, bíi ti ọmọdé. Láti 2003, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ká béèrè, kí dókítà yí i padà, kí a má fi ọmọ odó yí i padà fúnra wa.

Báwo la ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ wo ẹ̀yìn orúkọ oògùn. Tí ẹ bá rí XL, XR, ER, SR, MR, CR tàbí LA, ẹ má gún un, ẹ má rún un lẹ́nu. Kì í ṣe ti inú lílọ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ti gbọ́ díẹ̀. Àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ fa ìlà sí láàárín, bí irú hyoscyamine kan. Ìyẹn ṣeé dá sí méjì lójú ìlà, síbẹ̀ kò ṣeé gún. Tí kò bá sí ìlà, ẹ má ronú pé ẹ fẹ́ pín in kó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé owó oògùn ga. Ìdajì hóró tó ti fọ́ kì í ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ paraga ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ o. Ní 2005, wọ́n kó oògùn ìrora kan tó ń jẹ́ Palladone kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà, torí wọ́n rí i pé ọtí líle lè mú kí gbogbo oògùn inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Oògùn inú lílọ́ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọtí pẹ̀lú oxybutynin ń mú oorun kun èèyàn gan-an, ẹ má dán an wò.

Oòrùn ọjà náà ń kọ́? Òógùn ló ń tu ara lára. Ẹni tó ń lo oògùn yìí kì í làágùn tó, ara rẹ̀ lè gbóná kọjá ààlà nínú oòrùn ọ̀sán. Kó wá ibòji jókòó, kó máa mu omi. Tí orí bá ń fò ó, tí ara gbóná tí kò sì làágùn, kó kúrò nínú oòrùn kíá, kí wọ́n sì gbé e lọ fún ìtọ́jú.

Nígbà tí mo sì dárúkọ omi, alága wa, ẹ má bínú sí mi. Púpọ̀ nínú wa kì í mumi látàárọ̀ nítorí a ò rí ibi tó mọ́ tọ̀ sí. A ń pa ìtọ̀ mọ́ra títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí hóró kankan tó máa tún ìyẹn ṣe. Nínú èrè ọdún yìí, kí ẹgbẹ́ ro ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ ọjà wò kí a tó ra àga ike mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo inú rírun ló jẹ́ ti oògùn yìí. Inú tó le bí pákó, inú rírun tó bá ibà àti èébì wá, tàbí ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, ọsibítù ni. Ìtọ̀ tó ń gbọ̀nni lemọ́lemọ́ lè jẹ́ kòkòrò ló wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò ná. Ẹni tó ní glaucoma lójú, ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, àti àwọn bàbá tí ìtọ̀ ń ṣòro fún láti jáde, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn lò ó. Torí náà ẹ má gba tiyín fún bàbá ilé.

Inú páálí rẹ̀ ni kó wà, níbi tó tutù tí kò lọ́rinrin. Ẹ má so ó mọ́ etí ìró pẹ̀lú owó. Ooru ara àti òógùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé láti lò ó lónìí, ẹ má lo méjì lọ́la.

Alága ti ń wo aago. Ẹni tó bá ní oògùn nílé tí kò mọ irú èyí tó jẹ́, kó lọ mú un wá báyìí pẹ̀lú páálí àti ìwé inú rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ ẹyọ kan nínú ọ̀rá. Mo wà lábẹ́ ìbòòji òsì yẹn títí wọn á fi pín ìrẹsì tán.